Orí Tuntun Lórí Ara Àgbà: Ìbẹ̀wò Mi sí Todaiji

Bí ẹ bá bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti dé ìlú Nara ní orílẹ̀-èdè Jàpáànù pé kí ló rí níbẹ̀, ohun mẹ́ta ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ: àgbọ̀nrín tó ń tẹríba kí wọ́n tó fún un ní bisikíìtì, ère Búdà ńlá tó wà ní tẹ́ńpìlì Todaiji, àti òpó onígi tó ní ihò nídìí, tí àwọn ọmọdé ń rá gba inú rẹ̀ kọjá. Èmi náà rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti padà dé, "Báwo ló ṣe tóbi tó?" ni gbogbo ènìyàn ń bi mí, mo sì ti wá gbà pé ìbéèrè yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí ènìyàn rí Todaiji dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n tètè dá a lóhùn kí a lè kúrò níbẹ̀. Ère náà ga tó nǹkan bí mítà 15 níbi tó jókòó sí. Ilé onígi tí wọ́n kọ́ bò ó fẹ̀ tó mítà 57, gíga rẹ̀ sì súnmọ́ mítà 50. Ó tóbi. Ọ̀rọ̀ bùṣe lórí ìyẹn.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018 ni màmá mi, àbúrò mi ọkùnrin àti èmi lọ kí bàbá mi ní ìlú Osaka, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilé àti afárá kíkọ́. Bí Dádì bá wọ ilé ẹnikẹ́ni, ògiri ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó wo ẹni tó ni ilé. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò wa sí Nara, wọ́n bá Màmá Iléṣà, ìyá wọn, sọ̀rọ̀ lórí fóònù pẹ́ títí. Ilé bàbá àgbà wa ló ń fa ọ̀rọ̀ náà. Ilé alámọ̀ ni, páànù rẹ̀ ti dógùn-ún, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti sán láti òkè dé ilẹ̀. Dádì fẹ́ kí wọ́n wó o palẹ̀, kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun síbẹ̀. Màmá Iléṣà ní kí wọ́n tún un ṣe.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀mélòó la fẹ́ tún un ṣe? Bí a bá pààrọ̀ páànù, tí a pààrọ̀ ilẹ̀kùn, tí a pààrọ̀ ògiri, ṣé ilé Bàbá náà la ṣì fẹ́ máa pè é?"

Mi ò gbọ́ ohun tí Màmá Iléṣà fi dá wọn lóhùn. Mo kàn gbọ́ tí Dádì mí kanlẹ̀, tí wọ́n ní, "Ó dáa, Màmá. A ó tún sọ ọ́."

Ọkọ̀ ojú irin láti Osaka dé Nara kò gbà tó wákàtí kan. Àárọ̀ kùtù la gbéra, nítorí Dádì ti gbọ́ pé ọjọ́ keje oṣù Kẹjọ ni wọ́n máa ń nu Búdà ńlá náà lọ́dọọdún. Bí a ṣe ń rìn lọ, àwọn àgbọ̀nrín ti gba ojú ọ̀nà. Àbúrò mi ra bisikíìtì wọn, ó sì tẹríba fún ọ̀kan. Ìyẹn náà tẹríba, ó gba bisikíìtì, lẹ́yìn náà ó gé ìwé àwòrán ìlú tí màmá mi mú dání jẹ. Mọ́mì ní ẹranko tó mọ̀wàá hù bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó tún máa jalè.

A kọjá lábẹ́ ẹnu ọ̀nà ńlá tí wọ́n ń pè ní Nandaimon, ẹnu ọ̀nà ìhà gúúsù. Dádì ń sọ pé ká yára, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi dúró fúnra rẹ̀. Ní apá ọ̀tún àti apá òsì, àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì dúró nínú òkùnkùn, igi ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ga ju mítà 8 lọ. Ọ̀kan la ẹnu, èkejì pa ẹnu dé. Iṣan ọrùn wọn ta, ìka ẹsẹ̀ wọn tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, aṣọ wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí ẹni pé ìjì ń jà níbi tí atẹ́gùn kankan kò sí. Iṣẹ́ ọwọ́ Unkei, Kaikei àti àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ni. Ní ọdún 1203 ni wọ́n gbẹ́ wọn, ọjọ́ 69 péré ló sì gbà wọ́n. Bí wọ́n ṣe rí i ṣe ni pé wọn kò gbẹ́ ẹ láti ara ìtì igi kan ṣoṣo: nǹkan bí 3,000 ègé igi ni wọ́n tò pọ̀ di ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀gá á máa lọ máa bọ̀ láàárín wọn. Mo ní láti tètè sọ èrò mi níhìn-ín nítorí mo máa padà sórí rẹ̀: nínú gbogbo ohun tí mo rí ní Todaiji lọ́jọ́ náà, kò sí èyí tó dára tó àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì yìí. Wáyà tí wọ́n ta síwájú wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn rí wọn kedere, ọ̀pọ̀ àlejò sì ń kọjá láàárín wọn láì gbójú sókè, àgbọ̀nrín ni wọ́n ń yà ní fọ́tò.

Nígbà tí a wọ ilé ńlá náà, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àlùfáà àtàwọn olùrànlọ́wọ́ wọn, tí wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún, gbogbo wọn wọ aṣọ funfun, ti gun ara ère náà. Àwọn kan dúró nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹyẹ tó bà sórí ẹ̀ka. Àwọn kan jókòó sínú àga tí wọ́n fi okùn so rọ̀ láti òkè àjà, wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ gbá àyà rẹ̀. Àwọn mìíràn wà lórí orí rẹ̀, wọ́n kéré débi pé mo kọ́kọ́ rò pé ọmọdé ni wọ́n. Eruku ọdún kan ń já bọ́ nínú ìmọ́lẹ̀ tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Kò sí ẹni tó ń pariwo. Ó rán mi létí bí a ṣe máa ń nu ojú arúgbó tí kò lè dìde mọ́.

Ibẹ̀ ni Dádì ti tẹ̀ mọ́ mi, tí wọ́n nawọ́ sókè. "Ṣé o rí orí yẹn? Kì í ṣe orí tó ní nígbà tí wọ́n ṣe é. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ni. Ilé yìí náà, kì í ṣe ilé àkọ́kọ́." Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jàre ẹjọ́. Mo mọ ẹni tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́, kò sì sí ní Jàpáànù.

Mi ò ní purọ́, ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Bí ènìyàn bá ti Nàìjíríà rìn dé Nara torí ohun tí wọ́n ní ó ti pé ọdún 1,200 ó lé, kò fẹ́ gbọ́ pé orí rẹ̀ kò dàgbà tó ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ilé náà ni wọ́n to àwọn àwòṣe kékeré sí, tó fi bí ilé náà ṣe rí láti ìgbà dé ìgbà hàn. Mo dúró níwájú wọn nígbà tí àbúrò mi ń fa aṣọ Mọ́mì pé òun fẹ́ lọ rá gba inú òpó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìtàn náà pọ̀.

Nara ni olú ìlú Jàpáànù láti ọdún 710 títí dé ọdún 784. Ní ọdún 735 sí 737, àrùn tí àwọn baba wa kì í fẹ́ dárúkọ lọ́sàn-án, ìgbóná, jà ní ilẹ̀ náà. Ó pa tálákà, ó pa olówó. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́rin láti ìdílé Fujiwara, tí ìjọba wà lọ́wọ́ wọn, kú láàárín ọdún kan. Ọba tó wà lórí oyè, Shomu, gbà pé àìtó òun gẹ́gẹ́ bí ọba ló fa gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 743 ó pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe ère Búdà ńlá kan tí yóò dáàbò bo ilẹ̀ náà. Nínú àṣẹ yẹn ni ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ràn gidigidi: ọba ní bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe ìrànlọ́wọ́, kódà bí ó bá jẹ́ ewé koríko kan tàbí ẹ̀kúnwọ́ iyẹ̀pẹ̀ ló mú wá, kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ọba rán sí àwọn ará ìlú ni àlùfáà Gyoki, ọkùnrin tó ti ń bá àwọn mẹ̀kúnnù gbẹ́ adágún omi, tó sì ń bá wọn ṣe afárá. Ìjọba yẹn kan náà ti fòfin de Gyoki tẹ́lẹ̀ pé ó ń kó èrò lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n nílò èrò, wọ́n fi í joyè.

Láàárín ọdún 747 sí 749 ni wọ́n da ère náà, ìpele mẹ́jọ, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bàbà tó wọ inú rẹ̀ tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 500. Wúrà tí wọn yóò fi kùn ún kò tó, àfi ìgbà tí wọ́n rí wúrà wà jáde ní Mutsu, ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà, ní ọdún 749. Ní ọdún 752 ni wọ́n la ojú rẹ̀. Lójú ẹlẹ́sìn Búdà, ère tí wọn kò tíì fi tàdáwà kun ẹyinjú rẹ̀ kò tíì jí. Àlùfáà kan tó wá láti ilẹ̀ Íńdíà, Bodhisena, ló di búrọ́ọ̀ṣì náà mú. Wọ́n so okùn gígùn mọ́ búrọ́ọ̀ṣì yẹn, àwọn tó wà níbi àjọ̀dún náà sì di okùn mú, kí ọwọ́ gbogbo wọn lè wà lára ìlajú náà.

Tí mo bá dá ìtàn dúró síbí, yóò dùn bí oyin. Àwọn tó ń mú àlejò káàkiri sábà máa ń dá a dúró síbí náà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé iṣẹ́ ọnà yẹ̀ wò gbọ́dọ̀ bèèrè ẹni tó san owó rẹ̀. Ní ọdún 757, ìjòyè kan tó ń jẹ́ Tachibana no Naramaro dìtẹ̀ mọ́ ìjọba. Nígbà tí wọ́n mú un, tí wọ́n bi í léèrè ìdí, ó ní kíkọ́ Todaiji ti ni àwọn ènìyàn lára. Ó lè jẹ́ pé agbára ni Naramaro ń wá tó fi orúkọ mẹ̀kúnnù bojú. Àwọn ìjòyè máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, kò lè lo ọ̀rọ̀ yẹn bí kò bá sí ẹni tí yóò gbà á gbọ́. Ilẹ̀ tí àjàkálẹ̀ àrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ ni wọ́n ti ń wa bàbà, tí wọ́n ń gé igi, tí wọ́n ń ru iyẹ̀pẹ̀. Ẹni tó mú ewé koríko kan wá tinútinú wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n pè ní tipátipá náà wà níbẹ̀, ère náà kò sì lè sọ fún wa èwo ló pọ̀ jù. Ìdí nìyí tí títóbi rẹ̀ kò fi dá mi lọ́rùn. Títóbi lè jẹ́ ìfẹ́, ó sì lè jẹ́ àṣẹ.

Ní òpin ọdún 1180, nínú ogun, àwọn ọmọ ogun ìdílé Taira sun Nara. Ilé ńlá náà jó, ère náà yọ́. Ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n yan àlùfáà Chogen láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹni ọdún 61 ni. Ní ọjọ́ orí tí àwọn mìíràn ń wá ibi ìsinmi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í káàkiri ilẹ̀ láti tọrọ owó. Ó ré kọjá lọ sí Suo, ìgbèríko kan tó jìnnà ní ìwọ̀-oòrùn, láti wá igi tó tóbi tó. Ó lo ọ̀gá alágbẹ̀dẹ kan láti ilẹ̀ Ṣáínà láti tún ère náà dà. Ní ọdún 1185 wọ́n tún la ojú ère náà, búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n sì lò ni ti ọdún 752, tí wọ́n ti tọ́jú pamọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Orí ti yọ́, àwọn tó di okùn mú ti kú ní ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹnìkan rántí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì wà.

Ogun mìíràn tún sun ún ní ọdún 1567. Lọ́tẹ̀ yìí, owó kò sí. Wọ́n fi igi àti bàbà pẹlẹbẹ ṣe orí ẹ̀yà fún un, wọ́n kọ́ àtíbàbà bò ó, ìjì sì gbé àtíbàbà náà lọ ní ọdún 1610. Láti ìgbà náà títí tí ọ̀rúndún 17 fi ń parí lọ, ìta gbangba ni Búdà ńlá jókòó sí nínú òjò àti yìnyín. Àlùfáà Kokei ló gbéra láti tọrọ owó fún un ní ọdún 1684. Wọ́n parí orí tuntun ní ọdún 1690, wọ́n la ojú rẹ̀ ní 1692, wọ́n sì ṣí ilé tuntun ní 1709. Kokei kò rí ọjọ́ ìṣílé. Ó kú ní ọdún 1705. Ilé àkọ́kọ́ fẹ̀ tó mítà 86. Èyí tí Kokei lè rí owó rẹ̀ ni mítà 57, nítorí náà ohun tí gbogbo ayé ń pè ní ilé ràgàjì yìí, ilé tí wọ́n dín kù ni. Igi ńlá pàápàá ti ṣọ̀wọ́n nígbà náà. Ẹ wo àwọn òpó inú ilé náà: ọ̀pọ̀ igi ni wọ́n kó jọ yí igi kan ká, tí wọ́n wá fi àmùrè irin dì wọ́n mọ́ra bí ẹni di ìtí igi ìdáná. Wọn kò kun irin náà kó jọ igi. Ẹni tó bá fẹ́ lè kà wọ́n.

Mo padà síwájú ère náà pẹ̀lú gbogbo èyí lórí mi. Àwọn aláṣọ funfun ti ń sọ̀ kalẹ̀. Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò gan-an, bí kò tilẹ̀ dára láti máa bú orí àlejò ẹni. Ojú Búdà ńlá náà kò wú mi lórí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ìpéǹpéjú rẹ̀ wúwo, ó sì jọ ẹni tí oorun ń kùn ju ẹni tó ń ṣàṣàrò lọ. Àwọ̀ orí kò bá àwọ̀ àyà mu. Bí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ Unkei àti Kaikei wọlé, yóò mọ̀ pé àwọn tó dá orí yìí jẹ́ alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe Unkei. Ìtàn ìyà tí Kokei jẹ kò sì lè sọ orí náà di arẹwà. Mo ti rí i tí àwọn olùkọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì nítorí pé ó gbìyànjú. Mi ò rò pé iṣẹ́ ọnà ń fẹ́ irú àánú bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ nísàlẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò wò, nǹkan mìíràn wà. Orí òdòdó òṣíbàtà ńlá ni Búdà jókòó sí, díẹ̀ nínú àwọn ewé òdòdó bàbà náà sì jẹ́ ti ọ̀rúndún 8 gan-an. Iná méjèèjì kò rí wọn jẹ tán. Wọ́n ya àwòrán sára wọn pẹ̀lú ìlà tín-ín-rín: Búdà kan jókòó láàárín àwọn ẹni mímọ́ tó yí i ká, ayé lórí ayé lábẹ́ wọn. Ewé gidi ga jù fún ènìyàn láti rí ìlà rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe àwòkọ ọ̀kan sílẹ̀ níbi tí ènìyàn lè sún mọ́. Mo sún mọ́ ọn. Ojú Búdà kékeré tó wà lára ewé yẹn, tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi, ni ojú tí mo ti ń wá lókè láti àárọ̀. Ó pé, ó tutù, kò sì sí ìlà kan tó ṣẹ́kù níbẹ̀ tí kò wúlò. Ẹni tó ya ìlà yẹn ti rí ìgbóná jà, ó sì ṣeé ṣe kó ti sin ẹni rẹ̀.

Ohun tó wá yé mi nídìí ewé yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbà yẹ̀ wò. Apá kan ìhà ọ̀tún ère náà, ibi tí apá aṣọ rẹ̀ gbé rọ̀ sílẹ̀ àti ibi itan rẹ̀ ṣì ní bàbà ìgbà Shomu nínú. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ara rẹ̀ jẹ́ ti àwọn àtúnṣe tó tẹ̀lé e. Orí rẹ̀ jẹ́ ti ọdún 1690. Gbogbo ọ̀nà tí wọ́n fi so wọ́n pọ̀ ló hàn sí ojú tó bá fẹ́ wò, nínú àwọ̀, nínú dídán, nínú ìlà ọrùn. Dádì rí ìlà ọrùn yẹn, wọ́n ní ẹ̀rí nìyẹn pé ohun àtijọ́ ti lọ. Èmi wo ìlà kan náà, mo sì rí ibi tí ẹni ọdún 61 ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àléébù ère yìí ni ojú rẹ̀. Iyì rẹ̀ sì ni ọrùn rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti sọ ọ́ fún ẹni tó ń bèèrè bó ṣe tóbi tó.

Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń fi ibẹ̀ han àlejò nìyí. Ìlà àwọn tó fẹ́ gba inú ihò òpó kọjá gùn. Wọ́n ní ihò náà ṣe déédéé ihò imú Búdà, ẹni tó bá sì gbà á kọjá yóò ní ìmọ̀lára òye. Àbúrò mi gbà á kọjá lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jáde pẹ̀lú orúnkún dúdú àti ẹ̀rín. Mi ò bá ọmọdé jà. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó tò síbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú kọjá níwájú ewé òṣíbàtà láì dúró ìṣẹ́jú kan. Ìwọ̀n ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ fún àlejò: gíga ojú, gígùn etí, fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ìwọ̀n tán rò pé òun ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn náà a gun òkè lọ sí Nigatsudo, ilé kékeré kan lára Todaiji tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ààtò ẹ̀bẹ̀ ní oṣù Kẹta lọ́dọọdún, tí wọ́n ń fi ògùṣọ̀ ńlá sáré lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóru. Ọdún 752 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ààtò náà, wọn kò sì pa ọdún kankan jẹ. Ti ọdún 2018, tí wọ́n ti ṣe kí a tó dé, ni ìkẹtàdínláàádọ́rinlénígbafà. Mo rò ó wò: ìgbà tí ilé ńlá náà jóná tí ère sì wà láìlórí pàápàá, ààtò ń lọ lókè yẹn. Dádì jókòó sórí pákó ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wo òrùlé ilé ńlá nísàlẹ̀ láì sọ̀rọ̀. Mo bi wọ́n pé, "Dádì, nígbà tí orí kò sí lọ́rùn rẹ̀, kí ni ẹ rò pé àwọn ará ibí ń pè é?"

Wọ́n wò mí. "Ìyá mi ló rán ẹ ní iṣẹ́ yìí, àbí?"

"Rárá o, Dádì."

"Búdà ńlá ni wọ́n á máa pè é," ni wọ́n sọ nígbà tó pẹ́. Wọ́n tún dákẹ́. "Ṣùgbọ́n amọ̀ kì í ṣe bàbà o. Ògiri tó ti sán láti ìpìlẹ̀ lè wó pa ènìyàn." Òótọ́ ni wọ́n sọ, mi ò sì ní èsì rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ilé tó bá lè pa ìyá àgbà kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣe àríyànjiyàn lórí ẹwà.

Kí a tó kúrò, a tún gba ẹ̀gbẹ́ ilé ńlá náà kọjá. Tábìlì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n to àwo amọ̀ sí, irú èyí tí wọ́n fi ń bo òrùlé. Ẹni tó bá san owó díẹ̀ lè kọ orúkọ tàbí ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sára ọ̀kan, wọn yóò sì tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tí wọ́n bá ń tún òrùlé ṣe. Mo rò pé ti bisikíìtì àgbọ̀nrín ni owó tí Dádì ń yọ lápò. Wọ́n gba búrọ́ọ̀ṣì. Wọ́n kọ orúkọ bàbá àgbà wa, wọ́n kọ Iléṣà sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fara balẹ̀ fi àmì sábẹ́ ẹ àti ṣ bí wọ́n ṣe máa ń kọ́ wa. Obìnrin tó wà nídìí tábìlì tọ́ka sí àwọn àmì náà, ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bèèrè bóyá tàdáwà ló kán síbẹ̀. Dádì ní rárá, ibẹ̀ ló yẹ kó wà. Ó tẹríba, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó gbẹ, ó sì gbé e lé orí àwọn yòókù.